Euglena wọ aṣọ ewé, ṣùgbọ́n ọmọ ta ni?

ÌBÉÈRÈ, láti ọ̀dọ̀ ìyá kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

"Ẹ̀yin Bàbá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi tó wà ní SS1 ṣe ìdánwò báọ́lọ́jì. Wọ́n ní kó sọ ìjọba tí Euglena, nǹkan tíntìntín inú omi yẹn, wà, ohun tí wọ́n ń pè ní kingdom. Ó kọ ọ́ pé ìjọba ewéko ni, nítorí pé ó ní àwọ̀ ewé, oòrùn ló sì fi ń se oúnjẹ. Tíṣà fi bírò pupa kọ X sí i, ó ní Protista ni. Tíṣà tó ń wá kọ́ ọ nílé ní irọ́ ni, ẹranko ni, nítorí pé ó ń rìn. Àbúrò mi tó wà ní yunifásítì wá fi àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ Protista mọ́. Owó ilé ẹ̀kọ́ ni mò ń san, owó tíṣà ilé ni mò ń san, owó yunifásítì náà èmi ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé nǹkan yìí náà ló sọ omi àgbá ẹ̀yìnkùlé mi, tó wà lábẹ́ igi máńgòrò, tí kò ní ọmọrí, di ọbẹ̀dò?"

* * *

Màmá, X yẹn tọ́. Ẹ má tìtorí ẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ẹnikẹ́ni.

Nínú ìwé tí àwọn ọmọ fi ń múra sílẹ̀ fún WAEC àti NECO, ìjọba márùn-ún ni wọ́n pín ohun ẹlẹ́mìí sí: Monera, Protista, Fungi, Plantae àti Animalia. Robert Whittaker, ará Amẹ́ríkà, ló gbé ètò yẹn jáde ní 1969. Nínú ètò rẹ̀, ohun tó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí kóró inú sẹ́ẹ̀lì náà sì wà nínú awọ tirẹ̀, Protista la máa pè é. Sẹ́ẹ̀lì kan ni Euglena, ó sì ní kóró. Ó tán.

Ṣùgbọ́n ọmọ yín kò gọ̀ o. Ìdí tó kọ sílẹ̀ yẹn, àwọn àgbà ọ̀mọ̀wé ti bára wọn jà lé e lórí. Mò ń bọ̀, wọ́n ti mú iná lọ.

* * *

Mo ti dé. Kí n tó padà, ọ̀rọ̀ ti pín àwọn tó ń ka ìdáhùn yìí sí ọ̀nà mẹ́ta.

Àwọn kan wà lẹ́yìn ọmọ yìí: ohun tó bá ní àwọ̀ ewé, ewé ni. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé, "Ó jọ ewé, ó ń ṣe bí ewé, kí la tún ń wá kiri?" Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú ara mi rí. Nígbà tí mo ń kọ́ni ní Adó, a máa ń kán áyódíìnì sórí gàrí kí àwọn ọmọ lè rí bí sítáàṣì ṣe ń dúdú bí aró. Áyódíìnì ṣẹ́kù lọ́jọ́ kan. Mo mú Spirogyra, ọbẹ̀dò tó máa ń fà bí irun yẹn, mo kán an sí i lórí sláìdì, àmì dúdú sì yọ káàkiri inú rẹ̀. Mo tún bu omi àgbá tó kún fún Euglena, mo ṣe bákan náà. Gbogbo wọn kú, wọ́n pọ́n bí ìpẹ́pẹ́ ìdí ìkòkò, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò dúdú. Oúnjẹ tí Euglena ń tọ́jú pamọ́ kì í ṣe sítáàṣì bíi ti ewé. Paramylon ni wọ́n ń pè é, àárín òun àti áyódíìnì kò sì gún. Kò tún ní ògiri líle bí sẹ́ẹ̀lì ewé ti ní. Awọ tó ń rọ̀ ló ní, ìdí nìyẹn tí ẹ ó fi rí i tó ń sún kì tó ń nà bí ìdin nígbà tí omi bá ń gbẹ mọ́ ọn lórí sláìdì.

Àwọn kejì wà lẹ́yìn tíṣà tó ń wá sílé: ohun tó bá ń rìn, ẹranko ni. Ó ń rìn lóòótọ́. Okùn kan wà lára rẹ̀ tó fi ń lúwẹ̀ẹ́, iwájú ló sì wà, kì í ṣe ẹ̀yìn bí àwọn ọmọ ṣe máa ń yà á. Ó ní àmì pupa kan tó ń bá a mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Nígbà tí Ehrenberg, ará Jámánì, sọ ọ́ ní Euglena ní 1830, ẹyinjú ló wà nínú orúkọ náà. Àmì yẹn kì í ṣe ojú kankan. Àti pé Chlamydomonas, ọbẹ̀dò oní-sẹ́ẹ̀lì kan, náà ń rìn, okùn méjì ló fi ń lúwẹ̀ẹ́, ẹbí ewé sì ni láìsí àríyànjiyàn. Iyùn inú òkun jókòó sójú kan títí ó fi kú, ẹranko ni. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìrìn sílẹ̀.

Mo gbé ìgò Euglena kan sínú kọ́bọ́ọ̀dù nígbà kan, mo ju hóró ìrẹsì sísè mẹ́ta sí i, mo tì í pa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi tó ń dán bí ewé ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀ ti ṣì bí omi ògì. Mo kán an sórí sláìdì. Wọ́n wà láàyè, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kiri, ọ̀pọ̀ wọn kò sì ní àwọ̀ ewé mọ́. Ohun tó ń jẹrà nínú omi ni wọ́n ń fà mu. Ewé wo lẹ mọ̀ tó ń ṣe báyẹn? Ẹranko wo ló sì máa tún àwọ̀ ewé hù padà bí ẹ bá gbé e sí ojú fèrèsé?

Àwọn kẹta ni ti àbúrò yín. Òun ló sún mọ́ òótọ́ jù, òun náà ló sì lè mú kí ọmọ yẹn féèlì. Ẹ jẹ́ ká fi í dúró díẹ̀.

* * *

Ẹ wo òde ìyàwó kan. Igba èèyàn wọ àǹkárá aláwọ̀ ewé kan náà. Àlejò tó bá dé á ní, "Ẹbí yìí mà pọ̀ o!" Bẹ́ẹ̀ ọ̀rẹ́ ìyá ìyàwó wà níbẹ̀, aládùúgbò wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń ta ata lọ́jà wà níbẹ̀. Aṣọ ni wọ́n rà. Wọn kò bá ẹnikẹ́ni tan.

Àwọ̀ ewé inú omi, aṣọ ẹbí ni. Àwọn kan jogún rẹ̀ ní tiwọn: Chlamydomonas, Spirogyra, koríko, iṣu, ìrókò. Ti Euglena burú ju rírà lọ. Ó jẹ ẹni tó wọ̀ ọ́ ni. Baba ńlá rẹ̀ gbé ọbẹ̀dò oní-sẹ́ẹ̀lì kan mì, kò dà á nínú, ó fi í sílẹ̀ kó máa bá òun se oúnjẹ, títí tí ìyẹn fi di ẹ̀yà ara rẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀. Nínú ewé, awọ méjì ló yí chloroplast ká, ibi tí wọ́n ti ń fi oòrùn se oúnjẹ. Ti Euglena ní mẹ́ta. Awọ kẹta yẹn, ìgbémì ló fi í sílẹ̀.

Ta wá ni ọmọ ìyá Euglena? Trypanosoma. Kòkòrò tó ń fa àìsàn oorun, tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹni tó wọ aṣọ ewé tó dáa jù lóde, ilé olè ló ti jáde wá.

* * *

Wọ́n bi mí láti Ìjerò: "Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bí wọn?"

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Bí ẹ bá ń wá ọmọ Èkìtì láàárín èrò ní Ìbàdàn, ẹ má wo fìlà. Ẹ ní kó pe iṣu. Bó bá ní "uṣu", tó sì ní òun ń lọ sí "ulé", ẹ ti mọ̀. Fìlà wà lọ́jà fún ẹni tó bá lówó, ṣùgbọ́n bí ahọ́n ṣe ń yí, ọ̀dọ̀ ìyá ẹni la ti ń kó o.

Sẹ́ẹ̀lì náà ní ahọ́n tirẹ̀. Nínú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ni ribosome wà, ẹ̀rọ tó ń to purotéènì pọ̀. Lẹ́tà tí wọ́n fi kọ RNA, okùn èròjà kan tó wà nínú rẹ̀, máa ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, bí èdè wa ṣe ń yí láti Adó dé Ìkọ̀lé. Carl Woese ní Amẹ́ríkà fi èyí wo àwọn ohun tí ojú kò tó, ó sì kéde ní 1977 pé àwọn kan tí gbogbo ayé ń pè ní bakitéríà kì í ṣe ọmọ ìyá bakitéríà rárá. Àwọn tó tẹ̀lé e gbé irú ìwọ̀n yẹn wọ ilé Protista. Ilé bá tú.

Paramecium, oní-sẹ́ẹ̀lì kan tó ń fò kiri inú omi àgbá yín, bá Plasmodium tan, èyí tó ń fún wa ní ibà. Diatom tó ń gbé inú àpótí dígí tó ní ọmọrí, òun àti ewéko aláwọ̀ ilẹ̀ ńláńlá inú òkun jọ wá láti agboolé kan. Amoeba sún mọ́ èmi àti ẹ̀yin ju bó ṣe sún mọ́ Euglena lọ. Àní Naegleria, tó ń wọ́ bí Amoeba, tó ń na ẹsẹ̀ tó ń ká a bí Amoeba, apá ọ̀dọ̀ Euglena ló wà. Ìwọ́ tó wọ́ ló jọ.

Nítorí náà àbúrò yín rí i: Protista kì í ṣe ẹbí. Ilé ayálégbé ni, ojú-kọjú, balùwẹ̀ kan, kànga kan, kò sí ẹni tó mọ bàbá ẹnì kejì. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé àwọn àgbà tó tú ilé náà ká ṣì ń pe àwọn ayálégbé yẹn ní protist lójoojúmọ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà wúlò. Ètò tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2005, wọ́n tún un ṣe ní 2012, wọ́n tún un ṣe ní 2019. Ẹ̀ka Excavata tí wọ́n fi Euglena sí ní 2005, nígbà tí 2019 fi dé, wọn kò kà á sí ẹbí kan mọ́. Kí àbúrò wa rọra rẹ́rìn-ín.

* * *

Ẹnì kan ní kí n dárúkọ ẹni tó dá wàhálà yìí sílẹ̀. Aláṣọ ni o, ẹ má rò pé mò ń ṣàwàdà. Antonie van Leeuwenhoek, ní ìlú Delft ní Netherlands, aṣọ ló ń tà. Ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dígí tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó sì ṣe é débi tí ti ẹlòmíì kò fi tó tirẹ̀ nígbà náà. Ní 1674 ó bu omi adágún kan wò, ó rí àwọn nǹkan tíntìntín tó ń sáré nínú rẹ̀, àárín àwọn kan ní àwọ̀ ewé. Ó kọ lẹ́tà nípa wọn sí Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ní London. Ẹranko kéékèèké ló pè wọ́n. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ ewé ní tiwọn ni àwọn aláwọ̀ ewé, àwọn onímọ̀ ẹranko ní wọn ò ní í fi sílẹ̀. Ní 1866 Ernst Haeckel, ará Jámánì, kọ́ yàrá kẹta láti fi là wọ́n níjà, ó pè é ní Protista.

Ìjà náà kò tíì parí. Ìwé òfin ìsọmọlórúkọ méjì ló kan ọ̀rọ̀ yìí: ọ̀kan fún ẹranko, ọ̀kan fún ọbẹ̀dò, olú àti ewéko. Euglena wà nínú méjèèjì. Ọmọ tí ilé bàbá sọ lórúkọ, tí ilé ìyá náà sọ lórúkọ, tí kò sì sí ẹni tó fẹ́ jáwọ́.

* * *

Ẹlẹ́ja kan ní Ìlawẹ̀ bínú sí gbogbo wa: "Ẹ̀ ń fi orúkọ òyìnbó ṣeré, ẹja ń kú."

Ẹ̀gbọ́n, ẹja tèmi náà kú. Ọdún tí mo kọ́kọ́ da ọmọ ẹja àrọ̀ sínú pọ́ńdì, kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara ha ògiri. Ikun funfun bò wọ́n lára, wọ́n ń gba ẹnu sókè wá mí. Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní kí n lọ ra kápúsù tetracycline, kí n tú u sómi. Mo tú u fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo ṣe ń tú u ni mò ń kó òkú. Ọjọ́ kẹrin ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé tíṣà báọ́lọ́jì ni mí. Mo fá ikun díẹ̀ lára ọ̀kan, mo tẹ́ ẹ sórí sláìdì, mo yí dígí ìsàlẹ̀ máíkírósíkóòpù síbi tí oòrùn wà. Trichodina ni, rẹpẹtẹ! Wọ́n rí róbótó bí ìdérí ìgò, eyín yí inú wọn po, irun wẹ́wẹ́ yí etí wọn ká, wọ́n sì ń yí lójú kan bí òkòtó. Ara ìdílé Paramecium ni. Kápúsù tí mo ń tú, bakitéríà ni wọ́n ṣe é fún. Ribosome bakitéríà ló ń dí. Omi tuntun àti iyọ̀ ló gba èyí tó ṣẹ́kù là. Ẹni tó ní orúkọ kò wúlò, kó wá ka òkú ẹja mi.

Omi pọ́ńdì tó ní àwọ̀ ewé ńkọ́? Ẹ̀ ń jà lórí pé ó dáa àbí kò dáa. Ó sinmi lórí ẹni tó wọ aṣọ náà. Ọbẹ̀dò gidi ń fún ẹja ní afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án, á sì máa bá wọn du ú lóru. Bó bá ti pọ̀ jù, ìdájí ni ẹ ó rí ẹja tó ń gbẹnu sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i tí ojú omi pupa bí epo nígbà tí oòrùn mú, tó sì ń padà sí àwọ̀ ewé bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ fura sí Euglena sanguinea. Ó ní májèlé tó ń pa ẹja. Ẹ yí omi.

* * *

Nọ́ọ̀sì kan mú mi níbi tí mo ti jìn sí: "Bàbá, ẹ ní irú kápúsù yẹn, bakitéríà ló ń bá jà. Ṣebí doxycycline, ọmọ ìyá tetracycline, ń dènà ibà, Plasmodium kì í sì í ṣe bakitéríà?"

Òótọ́ ni, ìdáhùn rẹ̀ sì dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo ti sọ lọ. Baba ńlá Plasmodium wọ aṣọ ẹbí yẹn rí! Òun náà gbé ọbẹ̀dò mì. Nígbà tó di olè inú ẹ̀jẹ̀, tí kò rí oòrùn mọ́, àwọ̀ ṣí, ṣùgbọ́n kò ju àkísà rẹ̀ nù. Ó wà nísàlẹ̀ àpótí di òní, apicoplast ni wọ́n ń pè é, ó sì ń bá a ṣe iṣẹ́ tí kò lè ṣàì ṣe. Chloroplast fúnra rẹ̀, bakitéríà ni baba ńlá rẹ̀, torí náà ribosome inú àkísà yẹn, ahọ́n bakitéríà ló fi ń sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni doxycycline ti ń mú un.

* * *

Ẹni tó bèèrè bóyá protist ló ń fa sòbìà: rárá. Aràn ni sòbìà. Ohun tó ń gbé ọmọ rẹ̀ nínú omi ni Cyclops, òun náà kéré, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀, ìbátan edé ni. Àwa tí a dàgbà ní abúlé mọ ẹni tí sòbìà dè mọ́lẹ̀ nígbà ìkórè. 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ran iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ gan-an. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ màmá.

* * *

Màmá, ẹ tún kọ̀wé pé ọmọ náà ṣì ń sunkún nítorí X. Ẹ kà á sí i létí: lójú ìwé ìdánwò, kó kọ "Protista", kó sì fi ìdí rẹ̀ sí i: sẹ́ẹ̀lì kan, kóró tó wà nínú awọ. Bí wọ́n bá ní kó sọ ohun tó fi jọ ewé, kó kọ àwọ̀ ewé àti fífi oòrùn se oúnjẹ. Bí wọ́n bá ní ohun tó fi jọ ẹranko, kó kọ pé kò ní ògiri sẹ́ẹ̀lì, ó ń lúwẹ̀ẹ́, ó sì lè jẹun nínú òkùnkùn. Kó má dárúkọ 2019 fún olùmáàkì. Tíṣà ilé, kó gba ìsinmi díẹ̀.

Omi àgbá yín, n kò lè fi ẹnu lásán sọ pé Euglena ni. Ó fẹ́ràn omi tí ewé ń jẹrà sí, ẹ sì sọ pé igi máńgòrò wà lórí àgbá náà, àgbá kò sì ní ọmọrí. Ẹ má mu ún, ẹ fi fọ ilẹ̀.

Kí ọmọ náà bu díẹ̀ wá fún mi ní Sátidé. Kó bù ú láti ẹ̀gbẹ́, níbi tí ewé rírà wà, kó má bu ojú omi nìkan. Ìgò ike kékeré ti tó, kó má bu ú kún, kó má sì dé e pa, nítorí pé wọ́n ń mí. Bí mo bá fi fọ́nrán òwú díẹ̀ sórí sláìdì, yóò rí Paramecium tó fi orí gbá òwú, tó fà sẹ́yìn, tó yí díẹ̀, tó tún gba iwájú lọ. Kó tètè dé kó tó di aago mẹ́wàá, ojú fèrèsé mi máa ń rí oòrùn dáadáa nígbà yẹn, n kò sì gbẹ́kẹ̀ lé iná.